Ọjọ́ Tí Ejò Bá Jẹun Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ìfọwọ́kàn

Ọ̀rọ̀ ejò la fẹ́ sọ lónìí, ẹ má tíì sá o!

Mo ní erè kan nílé, ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níbí. Abẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́. Òun ni mo máa ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ láti fi kọ́ àwọn ọmọdé nípa ejò. Irú tí òyìnbó ń pè ní ball python ni. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ló máa ká ara rẹ̀ rogodo bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín.

Lọ́jọ́ kan, mo fún un ní eku lálẹ́, mo sì gbé e lọ bá àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò tíì dé ọwọ́ ọmọ kẹrin tó fi bi eku náà sílẹ̀. Ni igbe bá ta! Ẹ̀bi ejò kọ́, ẹ̀bi èmi ni.

Ejò kì í jẹ oúnjẹ lẹ́nu, odindi ló ń gbé e mì. Ó nílò ooru àti ìsinmi kí oúnjẹ tó dà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti jẹun, mi ò ní fọwọ́ kàn án fún wákàtí 48, ó kéré tán.

Eku tí mo ń fún un kì í sanra ju ibi tí ara rẹ̀ ti nípọn jù lọ. Èyí tó ti kú ni, torí eku ààyè lè gé ejò jẹ. Ẹ̀mú gígùn ni mo fi ń nà án sí i. Bí ọwọ́ bá ń rùn bí eku, ejò lè ṣèèṣì ṣán an. Erè tó ti dàgbà lè jẹun lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn; ilé ló máa wà.

Níwájú àwọn ọmọ, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé ara rẹ̀ ró. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan orí. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á fi ọṣẹ fọwọ́, torí kòkòrò àrùn Salmonella lè wà lára ejò.

Àwọn ará Wídà ní orílẹ̀-èdè Benin ti mọ èyí tipẹ́. Irú erè yìí náà ló wà nílé òrìṣà wọn. Àwọn àlejò máa ń gbé wọn kọ́rùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ láti lọ wá oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá yà sílé ẹnìkan, wọ́n á gbé e padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi ń parí rèé: Abẹ̀kẹ́ nìkan lẹ lè fọwọ́ kàn, bí mo bá wà níbẹ̀. Pàramọ́lẹ̀ náà ní ara àdíkálà, ó sì ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lóko. Ọmọ tó bá rò pé erè ni, tó nawọ́ sí i, lè kú. Bẹ́ ẹ bá rí ejò nínú igbó, ẹ dúró, ẹ fẹ̀yìn rìn, ẹ pe àgbà.

Ó dìgbà kan ná o.