Ta Ló Ń Dá Iye Lé Kòkó Bàbá Àgbà?

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kapitalísíìmù ló pa wá ní Nàìjíríà yìí. Ẹ má gbè é lẹ́yìn mọ́." Inú ń bí i, mo sì mọ ìdí. Oúnjẹ wọ́n, dátà wọ́n, iṣẹ́ ò sí. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Èsì mi rèé, mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Oko bàbá àgbà wa ní Kabba ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kòkó àti kọfí ni bàbá gbìn. Nígbà tá a bá lọ lo hólidé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń sọ ìtàn ìgbà Bọ́ọ̀dù fún wa. Wọ́n ní kí àwọn tó já kòkó lórí igi ni ìjọba ti dá iye lé e. Orí rédíò ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá wá gbé àpò dé orí ìwọ̀n, kò sí "ẹ fi nǹkan lé e," kò sì sí "mi ò tà." Ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rà á.

Ẹni yẹn ni Marketing Board. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà títa kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọwọ́ ara wọn. Ogun parí, wọn ò dá a padà. Ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1949, ti epo pupa, ẹ̀pà àti òwú ti wà pẹ̀lú. Ní 1954 wọ́n pín in fún àwọn ìjọba ẹkùn. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè bá Bọ́ọ̀dù ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀, Bọ́ọ̀dù nìkan ló sì lè kó o lọ sí òkè òkun.

Àlàyé tí wọ́n ṣe dùn létí. Wọ́n ní owó kòkó lọ́jà àgbáyé ń lọ sókè sódò, àwọn á máa tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ lọ́dún tó bá dára, àwọn á sì fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún tí nǹkan bá le. Ṣùgbọ́n ọdún tó dára dé, owó ìpamọ́ ga bí òkè, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, ó di owó ìjọba ẹkùn. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Budapest, Peter Bauer, wá ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ West African Trade jáde ní 1954. Ohun tó rí kò ṣòro láti lóye: wọ́n ń gba owó orí ńlá lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n kàn fún un ní orúkọ mìíràn ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ Bauer. Àwọn òyìnbó aláṣẹ nígbà yẹn gbà pé àwọn ìyá aláròbọ̀ wa pọ̀ jù, pé wọ́n kàn ń fi ara wọn há àárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni. Bauer ní iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ìyá tó ń ti abúlé kan dé òmíràn kó èso jọ, kóńgò kan níbí, agbọ̀n kan lọ́hùn-ún, òun ló ń gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìrìn àjò. Ìyá tó ń ta ìyọ̀ ní ẹyọ ṣíbí, òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní owó àpò kan rí iyọ̀ fi sọ́bẹ̀. Mo rántí ìyá mi nígbà tí mo kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnìkejì pẹ̀lú. Owó kòkó yẹn ṣe iṣẹ́. Ó wà lára ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, Ilé Kòkó sì wà n'Ìbàdàn títí dòní. Ṣùgbọ́n àwa ará Kabba ńkọ́? Ẹkùn Àríwá ni wọ́n kó wa sí nígbà náà. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bèèrè pé kí wọ́n dá Ìlọrin àti Kabba padà sí Ìwọ̀-Oòrùn, kò bọ́ sí i. Ilé Kòkó tí gbogbo ayé ń yàwòrán, a kàn ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Kódà ká ní a wà níbẹ̀, ta ló bi àgbẹ̀ bóyá ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe nìyẹn?

Ní 1986 ìjọba tú àwọn Bọ́ọ̀dù ká. Bàbá ní lọ́dún yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, oníbàárà méjì pàdé lójúde àwọn lọ́jọ́ kan náà. Èkínní sọ iye, èkejì lé e. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá dé ibẹ̀. "Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo ni kòkó mi."

Mi ò ní í bò ó mọ́lẹ̀ o: ọdún yẹn náà ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí náà kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé ló lè ra nǹkan. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í da kòkó tí kò gbẹ pọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ, èyí sì ba orúkọ kòkó wa jẹ́ lókè òkun fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo Gánà, tí Bọ́ọ̀dù tiwọn, COCOBOD, ṣì wà. Ní oṣù Kẹrin 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ti kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé. Ìjọba Gánà fi owó kún ti àgbẹ̀ lóṣù yẹn, ó di 33,120 sídì fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí dọ́là nígbà yẹn, nǹkan bí $2,500 ni. Wọ́n ti ta púpọ̀ nínú kòkó náà sílẹ̀ kí owó tó gòkè, àgbẹ̀ ló wá jìyà rẹ̀. Kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Tógò àti Ivory Coast. Ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn tó ń rà á ti ń bá ara wọn du kòkó, owó tó kan àgbẹ̀ lọ́wọ́ sún mọ́ ti àgbáyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, ní 2025 owó kòkó já wálẹ̀ gan-an, ó sì dun àwọn èèyàn wa. Gbogbo ìgbà tó bá já bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń gbọ́ pé kí Bọ́ọ̀dù padà wá. Tí mo bá gbọ́ ọ, bàbá ni mo máa ń rántí, tí wọ́n dúró sí ìdí ìwọ̀n tí wọn ò lè sọ pé àwọn ò tà.

Ẹ̀yin tí kò ní oko, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Kó tó di 2001, NITEL ìjọba ló ni tẹlifóònù, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ kò sì ju nǹkan bí 400,000 lọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó ju 100 mílíọ̀nù èèyàn lọ. Ní oṣù Kìíní 2001, NCC ta ìwé àṣẹ ní gbànjo, $285 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, ó wọ́n. Odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, kódà kó jẹ́ "hẹ́lò, mò ń bọ̀" nìkan lo sọ. Glo dé ní oṣù Kẹjọ 2003, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun á máa kà. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn ló wọlé, tí àwa náà sì lè kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ju 150 mílíọ̀nù lọ.

Nítorí náà, ìwọ tó fi ohùn ránṣẹ́, ohun tí mò ń gbè lẹ́yìn nìyí: ọjà tí ẹni tó ń tà ti lè ní òun ò tà, tí ẹni tó ń rà ti lè kọjá sí ìsọ̀ kejì, tí ẹnikẹ́ni sì lè pa àtẹ tirẹ̀. Olówó tó bá aláṣẹ di í kí ẹlòmíràn má bàa wọlé, ọ̀tá ọjà nìyẹn, kódà kó wọ kóòtù kó sì pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò. Ohun tó ń bí ẹ nínú, ó ń bí èmi náà. Orúkọ tó o fún un ni mi ò gbà.

Ọjà kì í sì í dá ìwọ̀n ara rẹ̀ tún ṣe. Mo lọ sílé ní àsìkò kajú tó kọjá. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú fóònù tójú rẹ̀ ti sán, wọ́n ń pe oníbàárà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó dá iye tó ga jù gbé ọ̀kadà dé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ìyàwó wọn wọlé, wọ́n ní ká bá àwọn gbé àpò sìmẹ́ńtì kan tá ò tíì tú jáde, 50 kílò. Ìwọ̀n ọkùnrin yẹn ní 46 ni. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan nítòsí tó máa yẹ ìwọ̀n wò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tiwọn gan-an nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá kàn so ẹnu àpò kajú wọn padà, wọ́n ní, "Ẹ máa lọ o, a ò tà." Ọkùnrin náà ta ọ̀kadà rẹ̀ nípàá, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn dé. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì sórí ìwọ̀n tirẹ̀ náà. 50 ló pè é.