Ooru Inú Kọ̀ǹpútà àti Àwa Ará Ìkòròdú

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ dé Ẹgbin yóò ti rí ilé iṣẹ́ ìpèsè iná mànàmáná tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1985. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, a sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láti pèsè mẹ́gáwáàtì 220. Kí ni ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ sí etí ọ̀sà? Omi ọ̀sà ni wọ́n ń fà wọlé láti sọ oru gbígbóná tí ó ti yí ẹ̀rọ di omi padà. Ọ̀sà ni ooru náà ń bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rí, àfi pé ọ̀sà kò sí nínú yàrá mi ní Benson. Ohùn àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá ni mo gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sì ti di olóògbé. Kọ̀ǹpútà mi ń fi falẹ̀ bí mo ti ń yọ ariwo kúrò nínú ohùn wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ẹ̀pẹ́ ní, “Fọkàn balẹ̀ jàre, n ó mú un sáré.” Ó wọ inú BIOS, ó gbé ìyára prosẹ́sọ̀ láti 3.3 GHz sí 4.3, ó sì gbé fọ́tééjì láti 1.20 sí 1.35. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi kú lójijì. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀dà ohùn náà wà níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ooru ń tẹ̀ lé ìyára ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n fọ́tééjì ní tirẹ̀, ìlọ́po ara rẹ̀ ni a ń kà. Nítorí náà, ìyára fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé, ooru sì fi ìdá 65 lé: wáàtì 95 di nǹkan bí 157. Bí irin àti fáànù tí ń tu prosẹ́sọ̀ bá jẹ́ kí ó fi ìwọ̀n 30 gbóná ju yàrá lọ tẹ́lẹ̀, yóò di 50 báyìí. Nínú yàrá ìlú Òyìnbó tí ó wà ní ìwọ̀n 20, ó di 70. Ní Ìkòròdú, lọ́sàn-án oṣù Kẹta, yàrá lè wà ní 33: ó ti di 83. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ dí ojú fáànù! Bí ó bá súnmọ́ 100, ọ̀pọ̀ prosẹ́sọ̀ yóò dín ìyára ara wọn kù. Bí kò bá rọlẹ̀, wọn a kú. Ìyára tí a wá lọ kò sí mọ́.

Àwọn kan á ní kí a ra èyí tí ń fi omi tutù. Ó dára, ṣùgbọ́n inú yàrá kan náà ni omi yẹn ń tú ooru sí. Kò lè tutù ju yàrá lọ.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a tú irin náà, a gbá eruku rẹ̀, a nu ìpara tí ó ti gbẹ láàárín òun àti prosẹ́sọ̀, a sì fi tuntun sí i, bí ẹyọ ẹ̀wà kan péré. A gbé àpótí kúrò lára ògiri, kí afẹ́fẹ́ máa gba iwájú wọlé, kí ó gba ẹ̀yìn jáde. A dá fọ́tééjì padà sí 1.20, a sì ń gbé ìyára díẹ̀díẹ̀, a ń wo ìwọ̀n ooru nínú HWiNFO lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe lóru. A dúró ní 3.8. Kò kọjá 70, ohùn bàbá náà sì ti mọ́ tónítóní.