Pápá Ìṣeré àti Iléeṣẹ́: Èwo Ló Ń Múni Gbára Dì Jù?

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà ní yunifásítì kan náà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ń sáré ìje fún ilé-ìwé, eré yẹn ló sì ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èkejì kì í ṣeré ìdárayá rárá. Iléeṣẹ́ ló máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní gbogbo ọlidé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gboyè jáde, ta ló gbára dì fún iṣẹ́ jù? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí ọ̀nà tí Tóbi Amúsàn, asáré ìje wa, tọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ẹsẹ̀ wọn yá fẹ́ tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àlá olówó kúrò nílẹ̀. Àwọn eléré tó wà lábẹ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, lé ní 500,000. Àwọn tó ń fi eré jẹun lẹ́yìn ilé-ìwé kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Hakeem Ọlájuwọ̀n, ọmọ Èkó, wà lára wọn: láti Yunifásítì Houston ni Houston Rockets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ti mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1984. Orúkọ rẹ̀ ló ń dùn mọ́ àwọn òbí, àmọ́ àwọn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù lọ̀rọ̀ kàn.

Ní ti àkókò, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lara tù. Òfin NCAA ni pé, nígbà ìdíje, eré kò gbọdọ̀ gbà ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ka wákàtí tí eléré ń lò nínú bọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ọmọ tó ti Nàìjíríà lọ tún ní ìṣòro tirẹ̀: físà akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níta ọgbà ilé-ìwé lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, àfi kó gbàṣẹ.

Ní ti ìwà, pápá ló borí. Ẹ wo ikọ̀ tó jókòó ti fídíò ìdíje àná. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á dá àwòrán dúró níbi tí ẹnì kan ti ṣàṣìṣe, á sì bi í lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé kí ló dé. Àwáwí ò sí. Kílẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà á ti padà sí pápá lọ tún un ṣe. Iléeṣẹ́ wo ló ń bá ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Myron Rolle ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Florida State, Mickey Andrews tó ń kọ́ wọn máa ń ní kí wọ́n fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sunwọ̀n ju àná lọ. Rolle kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì fi sọ ìwé tó kọ ní 2022 lórúkọ: The 2% Way.

Ṣùgbọ́n pápá kì í kọ́ni ní ìwé ìṣirò owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ orúkọ ẹni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Ohun tó tún ń pa eléré lára ni pé kò mọ bí a ṣe ń ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe. Tó bá kọ sínú CV pé “mo sáré fún ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rin,” eré lásán lẹni tó ń gbani síṣẹ́ á rí. Kó kọ ọ́ pé òun ni balógun ikọ̀, pé òun ló ń mú àwọn ọmọ tuntun mọlé, pé òun ló ń bá olùkọ́ sọ ọ́ tí ọjọ́ ìdánwò bá bọ́ sọ́jọ́ ìdíje. Iṣẹ́ nìyẹn.

Lójú tèmi, pápá ló wúwo jù, torí a lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọgbọ́n ọwọ́, ìwà kì í ṣe ohun oṣù mẹ́ta. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kí eléré má dúró di ọdún tó kẹ́yìn kó tó wá ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́, ì báà jẹ́ ní ọlidé kan péré. Kí òbí tó buwọ́ lùwé, kó bi akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wá mú ọmọ náà pé: “Ọlidé wo lẹ máa yọ̀ǹda rẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́?” Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn fún un, ẹsẹ̀ ọmọ ló fẹ́, kì í ṣe ọjọ́ ọ̀la rẹ̀.