Ìgbéyàwó Àwọn Ológoṣẹ́ Ọlọ́fun Funfun

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀. A kò lè jiyàn sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń rí i pé ẹ̀gà ń bá ẹ̀gà gbé, lékeléke sì ń bá lékeléke fò. Síbẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń bẹ ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ pé, nígbà tí ó bá di ọ̀ràn à ń fẹ́ ìyàwó tàbí à ń lọ́kọ, ẹni tí kò jọ ọ́ ni ó ń wá kiri. Orúkọ tí a lè fi pè é ní èdè wa ni ológoṣẹ́ ọlọ́fun funfun. Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì bá nídìí rẹ̀ fi hàn wá bí àwọ̀ àti ìwà ṣe lè jọ ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ pọ̀, bí ẹrù tí a dì sínú àpò kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹyẹ náà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 26 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú, àmì kékeré kan tí ó ní àwọ̀ ìyeyè sì wà láàárín ojú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ará ibẹ̀, inú igbó Kánádà àti ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ó ń gbé. Bí òtútù bá dé, yóò fò lọ sí ìhà gúúsù níbi tí ara gbé lè gbà á. Ilẹ̀, tàbí ibi tí kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀, ni abo ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ẹyin mẹ́rin ni ó sábà máa ń yé, òun nìkan ni ó sì ń sàba lé wọn títí wọn yóò fi pa.

Orí ẹyẹ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilà wà ní orí rẹ̀ láti ìdí ẹnu lọ dé ìpàkọ́. Ti àwọn kan funfun kinniwin, ilà dúdú kirikiri sì là wọ́n láàárín, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń hàn ketekete láti òkèèrè. Ti àwọn mìíràn kò funfun rárá. Rẹ́súrẹ́sú ni ó rí bí ewé gbígbẹ. A ń rí irú méjèèjì nínú akọ, a sì ń rí wọn nínú abo pẹ̀lú. Nígbà kan rí, àwọn ènìyàn rò pé abo tàbí ọmọdé ni àwọn onílà rẹ́súrẹ́sú, àti pé bí wọ́n bá dàgbà tán, ilà wọn yóò funfun. Ní ọdún 1961 ni James Lowther fi hàn nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹranko ti Kánádà pé èrò yìí kò tọ̀nà. Irú ilà tí a fi bí ẹyẹ kan ni yóò bá a dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó tún ṣe àkíyèsí ohun tí ó ju ìyẹn lọ: onílà funfun kì í sábà fẹ́ onílà funfun, bẹ́ẹ̀ ni onílà rẹ́súrẹ́sú kì í sábà fẹ́ irú ara rẹ̀. Ìwádìí tí a ti ṣe láti ìgbà náà fi hàn pé nínú 100 tọkọtaya, nǹkan bí 98 ni ilà orí wọn yàtọ̀ sí ara wọn.

Kì í ṣe ilà nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Akọ onílà funfun jẹ́ oníjà paraku. A máa kọrin kíkankíkan, bí akọ mìíràn bá sì yọjú sí ààlà rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Kò tán síbẹ̀: a máa yọ́ lọ gun aya aládùúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ bíbọ́ àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìtẹ́ tirẹ̀ kò sì jẹ ẹ́ lógún púpọ̀. Akọ onílà rẹ́súrẹ́sú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá aya rẹ̀ ni ó ń dúró sí, ó ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, ó sì ń wá kòkòrò bọ̀ wá bọ́ àwọn ọmọ láìkáàárẹ̀. Láàárín àwọn abo náà, onílà funfun a máa kọrin, a sì máa jà; onílà rẹ́súrẹ́sú ní tirẹ̀ kì í sábà kọrin, jẹ́jẹ́ ni ó ń lọ.

Nítorí náà, irú ilé méjì ni ó wà láàárín wọn. Nínú ilé kìíní, ọkọ oníjà ni ó fẹ́ aya oníwà jẹ́jẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọmọ sì bọ́ sí ọrùn ìyá. Nínú ilé kejì, aya ni oníjà, ọkọ ni onísùúrù, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ. Kí ni ó mú kí wọ́n pín ara wọn báyìí? Anne Houtman àti J. Bruce Falls dán ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1994. Wọ́n rí i pé àti abo onílà funfun, àti abo onílà rẹ́súrẹ́sú, akọ onílà rẹ́súrẹ́sú ni gbogbo wọn fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn abo onílà funfun lágbára ju àwọn abo ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Wọn a lé wọn dànù, wọn a sì gba àwọn ọkọ rere náà. Àwọn abo onílà rẹ́súrẹ́sú kò ní ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n gba akọ oníjà tí ó ṣẹ́kù. Lójú tèmi, èyí ni ó bani nínú jẹ́ jù nínú ìtàn ẹyẹ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìrẹ́jẹ.

Ó kù kí a mọ ibi tí ilà àti ìwà yìí ti ṣẹ̀ wá. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí bí ẹyẹ àti ènìyàn ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí à ń pè ní kurómósómù. Àwọn àbùdá tí ọmọ ń jogún tò sí orí okùn wọ̀nyí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Méjì-méjì ni wọ́n: baba fún ọmọ ní ọ̀kan, ìyá sì fún un ní ìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1966, H. B. Thorneycroft fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo sẹ́ẹ̀lì àwọn ológoṣẹ́ wọ̀nyí. Ó rí i pé okùn kan tí ó rí bákan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lára onílà rẹ́súrẹ́sú kò rí bákan náà lára onílà funfun. Ọ̀kan nínú méjì ti yí padà. Ó dà bí ìgbà tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ já ní ibi méjì, tí ẹni tí ó tún un so wá fi orí èyí tí ó já sí ibi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé yíyí náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé àbùdá tí ó wà ní apá ibẹ̀ lé ní 1,000.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ AA àti AS kò ní pẹ́ lóye ohun tí ó kàn. Onílà rẹ́súrẹ́sú dà bí AA, onílà funfun sì dà bí AS. Bí AS bá fẹ́ AA, ìdajì àwọn ọmọ lè jẹ́ AA, ìdajì sì lè jẹ́ AS. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtẹ́ àwọn ẹyẹ yìí ṣe ń ní irú ọmọ méjèèjì, tí irú kan kò fi pa irú kejì run. Bí AS bá fẹ́ AS, a mọ̀ pé ọmọ kan nínú mẹ́rin lè ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹyẹ tí ó gba okùn tí ó yí padà láti ọ̀dọ̀ baba àti láti ọ̀dọ̀ ìyá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi ìka ka àwọn tí a ti rí.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ jù lórí ọ̀ràn yìí ni tọkọtaya kan, Elaina Tuttle àti Rusty Gonser, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Indiana. Láti nǹkan bí ọdún 1988 ni Tuttle ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí inú igbó Cranberry Lake ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n á fi àwọ̀n mú ẹyẹ, wọ́n á fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ́ baba ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìtẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ ńlá wọn jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Tuttle kú.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nígbà tí ara bá ń pèsè irúgbìn tí yóò di ọmọ, okùn méjì tí ó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ a máa fara kan ara wọn, wọn a sì pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a fi ń ya èyí tí ó bàjẹ́ kúrò lára èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n okùn tí ó yí padà kò lè bá èyí tí kò yí pààrọ̀, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ wọn kò ṣe déédéé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọ̀ àti ìwà fi ń rìn pọ̀ láìyà. Nítorí pé onílà funfun kì í sì í fẹ́ onílà funfun, okùn tí ó yí padà kì í bá irú rẹ̀ pàdé láé, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àbùkù ń ṣẹ́jọ sí i lára láti ìran dé ìran, kò sì sí ibi tí yóò ti rí àtúnṣe. Bí kurómósómù tí ń sọ ọmọ ènìyàn di ọkùnrin ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ẹyẹ yìí ń ṣe bí ẹni tí ó ní ẹ̀yà mẹ́rin dípò akọ àti abo, nítorí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó lè bá tẹ́ ìtẹ́.

Ní ọdún 2020, Donna Maney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory mú àbùdá kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó wà lórí okùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ESR1. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ní apá kan nínú ọpọlọ àwọn onílà funfun, ìjà wọn sì rọlẹ̀ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ti onílà rẹ́súrẹ́sú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sọ pé àbùdá kan ni ó ń mú ọmọ aládùúgbò òun jà. Ọ̀rọ̀ ènìyàn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àní lọ́dọ̀ ẹyẹ yìí pàápàá, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó wà lórí okùn. Ohùn orin rẹ̀, kíkọ́ ni ó ń kọ́ ọ láti ẹnu àwọn àgbà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ké ohùn tí ó kẹ́yìn orin náà káàkiri Kánádà. Àwọn tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké e ní ẹ̀ẹ̀mejì-méjì, àwọn mìíràn sì gbọ́ ọ, bóyá níbi tí wọ́n jọ ń sá fún òtútù. Ken Otter àti Scott Ramsay tọpa orin tuntun yìí. Láàárín ọdún 2000 sí 2019, ó ti rìn ju kìlómítà 3,000 lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ó sì ń lé orin àtijọ́ níwájú bí ó ti ń lọ.