Èwo Nínú Àwọn Newsreader Ló Mọ Ẹ, Ọ àti Ṣ?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2024, Google ti ilẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Láti ọjọ́ náà, Google Groups kò gba ọ̀rọ̀ tuntun wọlé láti Usenet mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ti ibẹ̀ fèsì. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ló ṣì ṣeé kà. Ọmọ Òṣogbo tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ wọ soc.culture.nigeria lónìí ní láti wá newsreader tirẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tí a fi ń ka newsgroup, àwọn agbo ìjíròrò inú Usenet bíi soc.culture.nigeria yìí.

Usenet ti wà kí wẹ́ẹ̀bù tó dé. Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ló gbèrò rẹ̀ ní 1979, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Kò ní ẹnì kan tó jẹ́ olówó rẹ̀. Bí ìròyìn ṣe máa ń ti Ọjà Ọba ní Òṣogbo dé ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ Usenet, ṣe ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lé sáfà kejì lọ́wọ́ títí yóò fi kárí ayé. Ní àwọn ọdún 1990, soc.culture.nigeria wà lára ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ìjọba Abacha, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa nílé kò tíì fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Mi ò ní tan yín: ọjà Usenet ti tú. Facebook àti WhatsApp ti kó àwọn oníbàárà lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò lẹ ń wá, ẹ jókòó ti WhatsApp yín. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní UNIOSUN tó bá wọ comp.lang.c, newsgroup èdè kọ̀ǹpútà C, yóò bá àwọn àgbà iṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń dáhùn ìbéèrè, láìsí ìpolówó ọjà tí ń bẹ́ sójú èèyàn.

Ìdánwò kìíní tí mo máa ń fi newsreader kọ̀ọ̀kan ṣe ni lẹ́tà wa. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Usenet. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí "Osogbo" àti "Ilesa" níhòòhò nínú àwọn ìwé àtijọ́ ibẹ̀. Níbi tí àmì kò bá sí, ẹni tó ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ òun á wá dà bí ẹni tó fẹ́ ta ọkọ rẹ̀. Ohun tó tú wa sílẹ̀ ni UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà onírúurú èdè sínú ẹ̀rọ, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992. Síbẹ̀, ó ku díẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà, kó mú àmì ohùn, kó sì gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà kò mọ̀ ọ́n gbé: àmì á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e bí fìlà tí atẹ́gùn gbé. Èyí tí kò bá mọ UTF-8 rárá, àmì ìbéèrè ni yóò tò síbẹ̀ fún yín.

Ìdánwò kejì ni iná àti dátà. Ibi tí newsreader ti ju wẹ́ẹ̀bù lọ nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ àwìn, wá tajà fún yín: etí aṣọ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín, èyí tẹ́ ẹ bá mú ni yóò tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni newsreader ṣe ń gba kìkì àkọlé ọ̀rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin ni yóò yan èyí tó wù yín. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iná wà, kẹ́ ẹ kà á nígbà tí Nẹ́pà bá mú un lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ṣàjèjì sí irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀: láìfi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ka ìwé inú Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba gbé jáde ní 2013.

Thunderbird ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ó mọ lẹ́tà wa, ó sì ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ de ìgbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ o. Thunderbird tó wà fún fóònù Android, ímeèlì nìkan ló ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ wá newsgroup níbẹ̀. Pan dára fún oní-Linux. Tin àti slrn kò nílò àwòrán tàbí eku, wọ́n sì fúyẹ́ tó fún kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ti gbó, bí ẹ bá ti lè fara da kíkọ́ bọ́tìnì wọn. Outlook Express tí àwọn àgbà kan ṣì ń bèèrè ti bá Windows àtijọ́ lọ.

Newsreader láìsí sáfà, ìgò láìsí epo ni. Eternal September ń ṣí sáfà rẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan. Ẹ forúkọ sílẹ̀, wọn yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ tẹ news.eternal-september.org sínú ètò newsreader yín, kẹ́ ẹ yan 563, ojú ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ẹ má fi ímeèlì yín gan-an tàbí nọ́ńbà fóònù síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, nítorí ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ yóò dé orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà tí ẹ kò lè lọ pa á rẹ́.

Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ lọ sí alt.test, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Ẹ kọ Ọ̀ṣun, Òṣogbo, Iléṣà àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí ohun tẹ́ ẹ kọ wò. Bí àmì kan bá sọnù, ẹ yọ newsreader náà kúrò, kẹ́ ẹ gbé òmíràn.