Èdìdì tó ti já lẹ́nu ìgò: ẹ má rà á, ẹ má tà á!

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú yìí kan náà ló yẹ kí oníbàárà àti ìyá ọlọ́jà máa fi ṣọ́ ẹnu ìgò àti etí páálí, torí ọjà tó dé orí àtẹ l'Ókukù kò já bọ́ láti ọ̀run. Ilé iṣẹ́ ló ti jáde. Ó lè gba Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, kó gba Òṣogbo, kó gba Ìkìrun, kó tó délé. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà á lọ́nà ló lè tú u, kó fi nǹkan mìíràn rọ́pò ohun tó wà nínú rẹ̀. Àní ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, kí wọ́n lè tú wọn wò fínnífínní nítorí ayédèrú oògùn. Ta ni yóò wá ta ìyá tó ń ra oògùn ibà fún ọmọ rẹ̀ lólobó pé wọ́n ti tú èyí tó mú dání? Èdìdì ni.

IKÚ ÈÈYÀN MÉJE

Ní ọdún 1982, ní Chicago àti agbègbè rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, èèyàn méje lo oògùn orí fífọ́ tí wọ́n ń pè ní Tylenol, gbogbo wọn ló sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé májèlé cyanide wà nínú kápúsù tí wọ́n gbé mì. Ìkà èèyàn kan ló tú ìgò oògùn náà, tó rọ májèlé sí i, tó sì dá a padà sórí àtẹ. Nígbà náà, kò sí ohun kan lẹ́nu ìgò tó lè fi hàn pé ọwọ́ ti kàn án. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó bíi mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lọ́jà. Wọn ò rí ẹnì kankan dá lẹ́bi ikú àwọn èèyàn náà.

Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé oògùn tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà gbọ́dọ̀ ní èdìdì tí yóò tú àṣírí ẹni tó bá ṣí i.

BÍ ÈDÌDÌ ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Èdìdì kò lè dí olè lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jẹ́ kí olè fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Òrùka tinrin tó wà nísàlẹ̀ ìdérí ìgò á já lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Bébà dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ike, bó bá ti ya, kò ṣeé lẹ̀ padà kó má hàn. Lébẹ̀lì mìíràn wà tí wọ́n ti fi abẹ gé díẹ̀díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kó lè ya jálajàla bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣí i lọ lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí i, á fi VOID sílẹ̀ lára páálí, ìyẹn ni pé ọjà náà kò ṣeé gbà mọ́.

IBI TÍ AGBÁRA ÈDÌDÌ MỌ

Ní ọdún 1990, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọmọ tó kú ní Ìbàdàn àti Jos, torí wọ́n mu paracetamol olómi tí májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Májèlé yìí a máa ba kíndìnrín jẹ́, ọmọ kò ní lè tọ̀ mọ́. Ní 1993 ni ìjọba ṣòfin tó dá NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan, My Pikin, tún gbé májèlé kan náà wọlé. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n tà fún wọn lórúkọ kẹ́míkà mìíràn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èdìdì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà lẹ́yìn tó kúrò nílé iṣẹ́, kò lè sọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo èdìdì, ẹ tún wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Láti 2010 ni NAFDAC sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò àmì híhọ lára àwọn oògùn kan. Oníbàárà á họ ọ́ bíi káàdì tí wọ́n fi ń rọ owó sórí fóònù, á fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kọ sára páálí, èsì á sì dé bóyá ojúlówó ni. Èyí tí ẹ bá bá ní híhọ, ẹ dá a padà.

ẸNI TÓ Ń RAN ONÍJÌBÌTÌ LỌ́WỌ́

Oníjìbìtì kì í wá ju ìgò gidi tó ní lébẹ̀lì gidi lára lọ, inú ilé wa ló sì ti ń rí i. Ìyá tó fẹ́ fi ìgò ta epo tàbí ẹ̀pà, kó kọ́kọ́ bó lébẹ̀lì rẹ̀ dànù. Mẹkáníìkì tó bá da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì tán, kó dá ihò sí gálọ́ọ̀nù náà kó tó jù ú sílẹ̀, kí wọ́n má baà rọ ọ́ìlì jíjó sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tún wá tà á fún un lọ́la. Páálí oògùn tó ti ṣófo, ẹ ya á kí ẹ tó dà á nù.

Bí ẹni tó ń kó ọjà fún yín bá gbé e wá ní owó tó wálẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ béèrè ìdí, ẹ gba rìsíìtì. Èyí tí èdìdì rẹ̀ bá já, ẹ dá a padà fún un. Bó bá kọ̀, NAFDAC ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá tó yọ ìgò kan kúrò lórí àtẹ rẹ̀ pàdánù èrè ìgò kan péré. Ìyá tó tà á lè sọ ará àdúgbò rẹ̀ di ọlọ́fọ̀.