Àkókò Gẹ́gẹ́ bí Owó Òwò: Àyẹ̀wò Ìdókòwò nínú Iṣẹ́ Ọtí Bourbon ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò bí àwọn oníṣòwò àti àwọn olùdókòwò ṣe ń náwó sórí bourbon, ìyẹn ọtí wisikí tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé àkókò ni olórí ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà, àti pé àkókò yìí kan náà ni ó ń mú èrè wá, tí ó sì tún ń mú àdánù wá. Ó gbé òfin tí ó de ọtí náà yẹ̀ wò, ó ṣe ìṣirò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àgbá kan, ó tọpa ìtàn ìgbà tí ọjà pọ̀ ju olùrà lọ, ó sì fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan owó tí wọ́n fi ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kentucky.

1.0 Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ òwò, olówò lè yára fi kún ọjà rẹ̀ tàbí kí ó dín in kù bí ó bá ti rí ọwọ́ àwọn olùrà. Oníbúrẹ́dì tí ọjà rẹ̀ kò tà lónìí yóò dín ìyẹ̀fun ọ̀la kù. Apọntí bourbon kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọtí tí ó bá pọn ní ọdún yìí lè lo ọdún 4, 6 tàbí 10 nínú àgbá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún. Lónìí ni yóò ti pinnu iye àgbá tí yóò kún, láìmọ̀ bí àwọn ènìyàn yóò ṣe fẹ́ràn ọtí náà sí nígbà tí ó bá gbó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ìṣirò ni apọntí fi ń wo ọ̀la ní tirẹ̀, ìṣirò náà sì ti kùnà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

2.0 Òfin tí ó de Bourbon

Ní ọdún 1964, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ẹnu kò pé bourbon jẹ́ ọjà àrà ọ̀tọ̀ tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, wisikí tí wọ́n bá pọn ní ilẹ̀ mìíràn kò lè jẹ́ orúkọ yìí lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Lára ìlànà tí òfin gbé kalẹ̀ ni ìwọ̀nyí:

(i) Nínú gbogbo ọkà tí wọ́n fi pọn ọtí náà, àgbàdo gbọ́dọ̀ tó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán.

(ii) Agbára ọtí náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ó bá ń jáde láti inú ìkòkò ìpọntí, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 62.5 lọ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú àgbá.

(iii) Àgbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí ó jẹ́ ti igi óákù, kí wọ́n sì ti fi iná jó inú rẹ̀ dúdú.

(iv) Wọn kò gbọdọ̀ fi aró tàbí èròjà adùn kankan kún un.

(v) Nígbà tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 40, ó kéré tán.

Bourbon tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ náà “straight” sí lára gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 2 nínú àgbá. Òfin kan tí ó ti wà láti ọdún 1897 tún ya irú kan sọ́tọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 4, ó kéré tán, ní ilé ìkó-àgbá-sí tí ìjọba ń ṣọ́.

Ìlànà kẹta ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọtí tí ó ń jáde láti inú ìkòkò ìpọntí mọ́ gaara bí omi. Ara igi tí iná ti jó ni ó ti rí àwọ̀ pupa rúsúrúsú àti ọ̀pọ̀ nínú adùn rẹ̀. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ti ọtí wọnú igi, òtútù a sì tún fà á jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè lo àgbá fún bourbon. Bí wọ́n bá ti tú u, wọ́n á tà á fún àwọn tí ń pọn wisikí ní Sìkótíláǹdì tàbí àwọn tí ń pọn ọtí mìíràn. Gbogbo ọtí tuntun ni yóò ná apọntí ní owó àgbá tuntun.

Kò sí òfin tí ó ní Kentucky nìkan ni wọ́n ti lè pọn bourbon. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn apọntí ìpínlẹ̀ náà ṣírò rẹ̀ pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún bourbon àgbáyé ni ó ń ti ibẹ̀ wá.

3.0 Ìṣirò Àgbá Kan

Àgbá kan ń gba gálọ́ọ̀nù 53, èyí tí ó tó bíi lítà 200. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé e sí ilé ìkó-àgbá-sí ni ọtí inú rẹ̀ yóò ti máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ gba ara igi. Àwọn apọntí ń pe èyí tí ó gbẹ ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Bí ó ṣe ń gbẹ sí kò dọ́gba. Ó wà lọ́wọ́ ooru, ó sì wà lọ́wọ́ àjà tí wọ́n gbé àgbá sí. Fún àpẹẹrẹ, bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń gbẹ lọ́dọọdún, lítà 200 yóò di bíi 170 lẹ́yìn ọdún 4, yóò di 133 lẹ́yìn ọdún 10, lítà 88 péré ni yóò sì kù lẹ́yìn ọdún 20.

Bí ọtí ti ń dín ni owó tí ó wà lórí rẹ̀ ń ga. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yáwó ni apọntí fi ra àgbàdo àti àgbá, ní èlé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, tí kò sì san nǹkan kan padà, gbèsè náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún 10. Ọtí tí yóò fi san án yóò sì ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá pín gbèsè sórí ohun tí ó kù, owó tí ó wà lórí lítà kan yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ kìn-ín-ní. Owó ilé ìkó-àgbá-sí, owó adójútòfò àti owó-orí kò tíì sí nínú ìṣirò yìí.

Ìdí nìyí tí ìgò ọtí ọlọ́dún 10 fi gbọ́dọ̀ wọ́n ju ti ọlọ́dún 4 lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọtí tí ó pẹ́ ni ó ń dára sí i. Bí ó bá pẹ́ jù, kíkorò igi lè bo adùn àgbàdo mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n dúró dè a sì di àdánù.

4.0 Àwọn Tí Ń Dókòwò

Ọ̀nà mẹ́rin ni owó ń gbà wọ inú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ríra odindi ilé-iṣẹ́. Kirin ti Japan ra Four Roses ní ọdún 2002. Campari ti Ítálì ra Wild Turkey ní ọdún 2009 ní mílíọ̀nù 575 dọ́là. Ní ọdún 2014, Suntory ti Japan ra Beam, tí ó ni Jim Beam àti Maker's Mark, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 16 dọ́là, pẹ̀lú gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Èkejì ni pípọn ọtí fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò ni ó ní ìkòkò ìpọntí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà ní Lawrenceburg ní Ìpínlẹ̀ Indiana tí ọ̀pọ̀ orúkọ ọtí ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Bardstown Bourbon Company, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní ọdún 2016, fi irú iṣẹ́ yìí dá òwò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ríra àgbá. Ẹni tí kò ní ilé ìpọntí lè ra ọgọ́rùn-ún àgbá ọtí tuntun, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbó, kí ó sì tà wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ilé ìkó-àgbá-sí tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba ni àgbá náà yóò wà. Ìwé ẹ̀rí ni yóò wà lọ́wọ́ olówó. Irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí báńkì sì ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ẹni tí ó bá ra àgbá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó wà, ẹni tí ń san owó ìtọ́jú rẹ̀, àti bóyá àdéhùn gbà á láyè láti fi orúkọ ẹni tí ó pọn ọ́n tà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kíkó ìgò ọtí tí ó ṣọ̀wọ́n jọ. Láti ìgbà tí òfin ìmutí ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1933, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti pín òwò ọtí sí apọntí, alágbàtà àti olùtajà, wọn kò sì gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láyè láti ta ọtí. Kentucky ṣe òfin ní ọdún 2017 tí ó jẹ́ kí ilé ìtajà lè ra ìgò àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ó sì tún un tà.

5.0 Ìgbà tí Ọjà Pọ̀ ju Olùrà Lọ

Nígbà ogun Korea (1950–1953), Lewis Rosenstiel, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Schenley, rò pé ogun náà yóò pẹ́, ọtí yóò sì wọ́n. Ó pọn ọtí púpọ̀ pamọ́. Ogun parí, ọtí kún ilé. Òfin ìgbà náà sì ní kí apọntí san owó-orí nígbà tí ọtí bá pé ọdún 8 nínú àgbá, ì báà tà, ì báà má tà. Ní ọdún 1958, lẹ́yìn tí Schenley ti bẹ àwọn aṣòfin lọ́wẹ̀, òfin tuntun sún ọjọ́ ìsanwó náà sí ọdún 20. Bí bourbon ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe rí àyè nínú òwò nìyẹn: àṣìṣe ìṣirò ni ó bí i.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà yà sídìí ọ́díkà àti ọtí fúyẹ́fúyẹ́. Ilé ìpọntí púpọ̀ kógbá sílé. Stitzel-Weller ní ẹ̀bá Louisville, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1935, dẹ́kun ìpọntí ní ọdún 1992. Lẹ́yìn náà ni ọtí tí ó kù nínú àgbá rẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri lábẹ́ orúkọ Van Winkle, tí ìgò kan fi ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùdókòwò kan kọ́ níbẹ̀ ni pé bourbon tí ó bá pẹ́ kò lè ṣàì jèrè. Ẹ̀kọ́ náà kò pé, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó pọn ọtí náà ti palẹ̀ mọ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

6.0 Ìgbòòrò àti Ìfàsẹ́yìn Òde Òní

Ní ọdún 1984, Elmer T. Lee gbé Blanton's jáde, bourbon tí ọtí inú ìgò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti inú àgbá kan ṣoṣo wá. Òun àti irú rẹ̀ kọ́ àwọn olùrà láti sanwó gọbọi. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni òwò náà wá gbòòrò gidi. Ilé ìpọntí tuntun ń yọ, owó àwọn olùdókòwò sì ń wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí Kentucky kéde ní ọdún 2025 pé àgbá tí ń gbó ní ìpínlẹ̀ náà ti ju mílíọ̀nù 16 lọ. Bíi mílíọ̀nù 4.5 ni ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Àgbá tí ó ju 3 lọ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọmọ ọwọ́.

Ìgbà tí ọtí náà ń gbó ni ọjà yí padà. Ìwádìí Gallup ti ọdún 2025 fi hàn pé ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Amẹ́ríkà ni ó sọ pé àwọn ń mu ọtí, èyí tí ó kéré jù lọ láti ọdún 1939 tí wọ́n ti ń bèèrè. Òwò òkèèrè náà kò fararọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ibodè ìdá 25 lé wisikí Amẹ́ríkà ní ọdún 2018, wọ́n sì dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Kánádà kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí àtẹ nítorí awuyewuye owó ibodè.

Àbájáde rẹ̀ hàn kíákíá. Brown-Forman kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé òun yóò ti ilé ìkàngbá òun ní Louisville pa, òun yóò sì dín òṣìṣẹ́ òun kù ní bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ilé ìpọntí tuntun kan wọko gbèsè. Ní oṣù Kejìlá, Jim Beam kéde pé òun yóò dá ìpọntí dúró ní ilé ìpọntí òun tí ó tóbi jù ní Clermont fún ọdún 2026.

7.0 Owó-Orí Àgbá àti Ilé-Ẹ̀kọ́

Àdánù náà kò mọ lọ́dọ̀ àwọn olówó. Ọdọọdún ni Kentucky ń gba owó-orí lórí àgbá tí ń gbó, bí ìgbà tí wọ́n ń gba owó-orí lórí ilé. Owó náà ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé ìkó-àgbá-sí pọ̀ sí fi ń ran ilé-ẹ̀kọ́, ojú ọ̀nà àti iṣẹ́ panápaná lọ́wọ́. Àwọn apọntí ní ìyà ni, nítorí owó-orí ń gorí owó-orí lórí ọjà tí wọn kò tíì tà. Àwọn ará ìlú ní tiwọn sọ pé àwọn ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀, àwọn náà ni ooru ọtí ń mú kí èbu dúdú bo ògiri ilé wọn.

Ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí owó-orí náà máa dín kù láti ọdún 2026, kí ó sì tán pátápátá ní ọdún 2043. Ìgbà tí òwò náà ń gbòòrò ni wọ́n ṣe òfin yìí. Ìgbà tí ó ń fà sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbègbè tí ó gbé ètò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé àgbá ti bá apọntí wọ inú ìdókòwò kan náà, bí kò tilẹ̀ ra àgbá kankan.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ohun tí ó mú bourbon níye lórí ni ó mú un léwu fún olùdókòwò. Òfin fi dandan lé àgbá tuntun, adùn sì fi dandan lé ọdún púpọ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọtí ń gbẹ, èlé ń gorí èlé, ìfẹ́ àwọn ènìyàn sì ń yí padà. Nígbà ogun Korea, ní àwọn ọdún 1970, àti ní ọdún 2025, àṣìṣe kan náà ni ó ń padà wá: wọ́n fi bí ọjà ṣe ń tà lónìí díwọ̀n ohun tí ọjà yóò gbà lọ́jọ́ iwájú. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀-ajé lè fi ìṣirò àgbá inú iṣẹ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ èlé, ìpèsè àti ewu ìdókòwò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè sọ ìdí tí àgbá kan fi lè máa níye lórí sí i kí ó sì tún máa jẹ gbèsè lọ́wọ́ kan náà, kókó ẹ̀kọ́ náà ti yé e.